ÀKÀBÀ TÍ Ń KÁ BÍ EÉRÍÀLÌ RÉDÍÒ: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Wa Rà Á?

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá ni ẹ rán mi níṣẹ́ pé kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ àkàbà kan, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, kí tilé-toko lè kà á kí a tó dìbò. Akọ̀wé rélùwéè ni mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi kò bá dùn mọ́ àwọn kan nínú, kí wọ́n má bínú. Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni mo jẹ́.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ÀKÀBÀ ṢE DI Ọ̀RỌ̀ ẸGBẸ́

Kò sí ẹni tí ń gbé ìlú yìí tí kò mọ ohun tí omi fi ojú wa rí. Ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé ni a kọ́lé sí. Ní ọdún 2012 omi kún, ó bo ilé, ó bo títì, a sì rò pé ìran kan kì í rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Ní ọdún 2022 ó tún dé. Ọ̀nà Gánájà di odò, ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń kó ẹrù níbi tí mọ́tò ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Àwọn ará wa tó wà ní Àdánkòlò kò gbàgbé.

Nígbà tí omi fà, ilé títà àti ilé yíyá pọ̀ nílùú. Ẹni tí ó fẹ́ kúrò létí odò ń wá ilé sí ibi gíga, ẹni tí ó fẹ́ ta tirẹ̀ sì ń kun ún lọ́dà kí ó lè dára lójú. Ọ̀dà a máa bo àpá omi mọ́lẹ̀. Arákùnrin wa kan, ará Òkè-Ògùn, san owó ilé kan tán lẹ́yìn tí ó ti wọ gbogbo yàrá rẹ̀. Ilẹ̀ ni ó wò, ògiri ni ó wò, kò wo òkè. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún ni àjà yàrá ìyàwó rẹ̀ fi já wálẹ̀. Ikán ti jẹ igi òrùlé tán, páànù nìkan ni ó ń gbé ara rẹ̀ ró. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, nítorí pé ìyàwó àti ọmọ wà ní ilé ìdáná lákòókò náà.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni ẹgbẹ́ ṣe yan àwa mẹ́ta: káfíńtà kan, bíríkìlà kan, àti èmi tí ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó san owó ilé, a ó kọ́kọ́ lọ yẹ ilé náà wò fún un láìgba kọ́bọ̀. A ó wo ìpìlẹ̀, a ó wo ibi tí omi 2022 dé lára ògiri, a ó gùnkè wo páànù, a ó wo ojú ìṣó, a ó sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wo igi àjà bóyá ikán wà níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni irú èyí. Àwọn tí ń yẹ ilé wò fún ẹni tí ó fẹ́ rà á ní ẹgbẹ́ tiwọn, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni American Society of Home Inspectors, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976. Ohun kan wà nínú ìlànà wọn tí ó wù mí kí ẹ mọ̀: kò sí dandan fún ẹni tí ń yẹ ilé wò láti rìn lórí òrùlé, tàbí láti wọ ibi tí ó lè pa á lára. Bí kò bá lè gun ibẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò gùn ún, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Àwa kò mọ ìlànà yìí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Àìmọ̀ wa ná wa lówó.

ỌWỌ́ TÍ Ó KÁN

Ìṣòro wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àkàbà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní àkàsọ̀. Àkàbà onígi tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14 kò ṣeé gbé lórí ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ NAPEP kò sì gbà á. A dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà tí mo gbé e lé èjìká, díẹ̀ ló kù kí a fi gbá adé ìyá oníbàtà kan bọ́ lórí ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Láti ọjọ́ náà, àkàbà tí a bá bá nílé tí a lọ ni a ń lò.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún tó kọjá, onílé kan gbé àkàbà jáde fún wa. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà aláwọ̀ ewé, ó ń dán yinrinyinrin. Káfíńtà wa gùn ún. Àtẹ̀gùn kẹrin dún pàú lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì já bọ́ sórí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tí a gbé igi náà wò, a rí i pé ó ti là tipẹ́, ọ̀dà ni ó bo ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kọ́gbọ́n: àkàbà onígi, a kì í kùn ún lọ́dà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pẹ́ lè fi epo tí kò bo ojú igi pa á, kí ojú lè rí ibi tí ó bá là.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni káfíńtà wa kò fi lè di òòlù mú. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ta ẹ̀kọ ni ó bọ́ ilé. Àwọn kan béèrè pé ṣé ìjọba kò ní owó fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní. Òfin kan wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2010 pé òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ yóò gba owó ìrànwọ́. Agbanisíṣẹ́ ni yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò kan tí NSITF ń tọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹ gbọ́ o: ẹni tí ó bá fara pa ní láti fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí láàárín ọjọ́ 14. Ẹ má ṣe sọ pé yóò jinná, kí ẹ dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀gá káfíńtà wa? Ara rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Kò sí ẹni tí ń san owó kankan sí àpò kankan nítorí rẹ̀. Àwa ni a rán an lọ sórí àkàbà lọ́jọ́ náà. Nítorí náà ọwọ́ tí ó kán, ọwọ́ ẹgbẹ́ ni. Ẹ dáwó, ẹ sì ṣeun, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a tún máa dá irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́.

ÀKÀBÀ TUNTUN DÉ ÌPÀDÉ

Lẹ́yìn èyí ni ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gbé àkàbà kan ti Èkó dé. Ẹ ti rí i ní ìpàdé. Ó gbé e wọlé ní abíyá bí ẹni gbé àpótí, kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Ó fà á, ó ń gùn, ó ń gùn, títí ó fi kan àjà gbọ̀ngàn. Àwọn èwe pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa mi orí, wọ́n ní, “Ohun ìṣeré ọmọdé ni èyí. Ohun tí ó bá lè ká, ó lè wó.” Ariyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, ẹ sì rán mi níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí eéríàlì rédíò. Ọ̀pá tín-ín-rín wọ inú èyí tí ó nípọn díẹ̀, èyí náà wọ inú èyí tí ó tún nípọn jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹsẹ̀ méjèèjì àkàbà yìí rí, irin alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Ìyàtọ̀ wọn ni pé eéríàlì kò ní ìdè, àkàbà yìí ní. Lábẹ́ àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, irin kékeré kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan sì wà lápá òsì, sípíríǹgì ni ó ń tì wọ́n. Bí a bá fa ìpele kan dé òpin, irin méjèèjì yóò bọ́ sínú ihò wọn, yóò sì dún “ká”. Àwọn irin kékeré wọ̀nyí ni ó gbé ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ ró. Bí a bá fẹ́ ká a, a ó tẹ bọ́tìnnì tàbí fa ohun ìtúdè, ìdè yóò tú, ìpele yóò sì rọra wọ inú ara wọn.

Èyí tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12 ààbọ̀ kò wúwo ju nǹkan bí kílò 12 tàbí 13 lọ. Ọkùnrin kan lè gbé e lórí ọ̀kadà láìfi ọwọ́ kan ènìyàn. Èyí ni àǹfààní rẹ̀, kì í sì í ṣe àǹfààní kékeré.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Mo yá àkàbà náà, èmi àti bíríkìlà wa gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé. Mo wá ìwé tí ó yẹ kí ó bá a wá, kò sí. Mo wá bébà tí ó yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára tí yóò sọ ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé, a ti ya á kúrò. Àlòkù ni. Bíríkìlà wa ń kánjú, ó fà á sókè fìrìfìrì. Èmi ni mo gùn ún. Mo dé àtẹ̀gùn kẹta, mo gbọ́ “ṣíín”, mo sì bá ara mi nílẹ̀. Ìpele kan ti yọ́ wọ inú ẹnìkejì rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé n kò tíì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Orúnkún mi nìkan ni ó bó.

A yẹ̀ ẹ́ wò. Lápá ọ̀tún, irin ìdè ti wọ ihò rẹ̀. Lápá òsì, iyanrìn ti há ibẹ̀, irin kò wọlé. “Ká” kan ṣoṣo ni ó ti dún, a kò sì fetí sílẹ̀ láti gbọ́ èkejì.

Ó tì mí lójú. Lójú irin wa láti Itakpe lọ sí Warri, èyí tí wọ́n ṣí fún ará ìlú ní ọdún 2020, a kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra nítorí pé ẹnì kan rò pé ọ̀nà là. A ní láti mọ̀ pé ọ̀nà là. Èmi tí ń jẹun nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo gun àkàbà nítorí pé mo rò pé ó ti dè.

Nítorí náà, bàbá tí ó sọ pé ohun tí ó bá lè ká lè wó sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n àkàbà aláwọ̀ ewé tí ó ṣẹ́ káfíńtà wa lọ́wọ́ kò lè ká rárá, ó sì wó. Kò sí àkàbà tí kò lè pa ènìyàn. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni pé: èwo ni a lè yẹ̀ wò kí a tó gùn ún? Àkàbà ilé onílé, a kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, a kò mọ ẹni tí ó kàn án. Àkàbà tiwa, a ó mọ̀ ọ́n.

BÍ WỌ́N TI ṢE É NÍ ÌLÚ MÌÍRÀN

Ní ilẹ̀ Yúróòpù wọ́n ní òṣùwọ̀n kan fún àkàbà, EN 131 ni orúkọ rẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ sì wà fún irú àkàbà tí ń ká yìí nìkan. Àkàbà tí ó bá yege nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbé kílò 150, èyíinì ni ènìyàn pẹ̀lú ẹrù ọwọ́ rẹ̀. Láti ọdún 2018, èyí tí a bá fi ti ògiri tí ó bá gùn ju mítà 3 lọ gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ tí ó fẹ̀ nísàlẹ̀ kí ó má baà dojú dé. Ní Amẹ́ríkà, ìpele ìpele ni wọ́n fi pín in: ti ìlò ilé lásán gbé 200 pọ́ùn, ti àwọn oníṣẹ́ gbé 250, 300, tàbí 375.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ní òfin iṣẹ́ orí òkè láti ọdún 2005. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ni pé àkàbà wà fún iṣẹ́ kékeré, kí ènìyàn má sì pẹ́ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lórí rẹ̀ lójú kan. Iṣẹ́ yíyẹ ilé wò kì í tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kan páànù láti àárọ̀ dé alẹ́, kí ó lọ wá igi àgàdágodo àwọn oníkọ́lé. Iṣẹ́ àkàbà tí ń ká kọ́ nìyẹn.

ÌṢIRÒ DÍẸ̀

Gbogbo àgbáyé ni ó gbà pé bí àkàbà bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ìdí rẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 1 jìnnà sí ògiri. Bí ó bá dúró gangan jù, yóò ṣubú sẹ́yìn. Bí ó bá tẹ̀ jù, ìdí rẹ̀ yóò yọ̀. Bí a bá sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí àkàbà sórí òrùlé, orí àkàbà gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 3 ga ju etí òrùlé lọ, kí ọwọ́ lè rí nǹkan dì mú.

Ẹ bá mi ṣírò. Àkàbà ẹsẹ̀ bàtà 12 ààbọ̀, bí a bá fi ti ògiri bí ó ti yẹ, yóò ga tó nǹkan bí 12. Ẹ yọ 3 kúrò, ó ku 9. Nítorí náà, ilé tí etí òrùlé rẹ̀ kò bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 9 lọ ni a lè fi àkàbà yìí gun òrùlé rẹ̀. Èyí tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ilẹ̀ tí ń bẹ nílùú yìí. Kò tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé e lé orí tábìlì tàbí búlọ́ọ̀kù kí ó lè tó o.

OHUN TÍ MO FI SÍWÁJÚ YÍN

Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹgbẹ́ rà á. Ṣùgbọ́n tuntun ni kí a rà, kì í ṣe àlòkù. Kí ó ní ìwé, kí ó ní bébà ìwọ̀n ẹrù lára, kí a sì yẹ gbogbo ìdè rẹ̀ wò lójú ẹni tí ń tà á kí a tó san owó. Owó rẹ̀ ju ti onígi lọ dáadáa, n kò ní í tàn yín. Ṣùgbọ́n kò tó owó oṣù mẹ́ta ọkùnrin oníṣẹ́ ọwọ́.

Bí a bá sì rà á, òfin tí mo ní kí a fi dè é nìyí:

Èkíní, kí a gbọ́ “ká” méjì lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ojú rí irin ìdè lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí ọ̀kan bá kọ̀, kí a má gùn ún lọ́jọ́ náà.

Èkejì, kí ẹnì kan dúró nísàlẹ̀ láti dì í mú. Ẹni tí ó bá nìkan lọ, kí ó dúró nílẹ̀ wo òrùlé.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ń gùn ún kò gbọdọ̀ gbé nǹkan dání. Ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan, tàbí ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan, gbọ́dọ̀ wà lára àkàbà nígbà gbogbo. Kí tọ́ọ̀ṣì wà lápò.

Ẹ̀kẹrin, alumíníọ̀mù a máa gbé iná. Kí a má gbé e sún mọ́ wáyà iná tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iná kò sí. Lọ́kọ́jà tí a wà yìí, ta ni ó mọ ìṣẹ́jú tí wọn óò mú un dé?

Ẹ̀karùn-ún, bí a bá ń ká a, kí ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, kí ó má sí láàárín àtẹ̀gùn méjì. Èyí tí kò dára a máa já wálẹ̀ wàrà, a sì máa gé ọmọ ìka.

Ẹ̀kẹfà, kí a fi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́yìn gbogbo ìlò. Ẹrẹ̀ omíyalé àti eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Kí a má fi epo pa á, nítorí epo a máa kó iyanrìn mọ́ra. Bí ọ̀kan nínú ọ̀pá rẹ̀ bá tẹ̀, kí a má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Kí a jù ú nù.

Èkeje, kí a má gun òrùlé tí òjò pa, tàbí tí ikán wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí páànù ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, èyí tí ó lè fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, tí eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Irú èyí, kí a dúró lórí àkàbà wò ó láti etí, tàbí kí a so fóònù mọ́ orí igi kí a fi ya àwòrán rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ̀kẹjọ, kí ó wà lọ́dọ̀ akápò, kí n sì máa kọ ọjọ́ tí ó jáde àti ọjọ́ tí ó wọlé sínú ìwé. A kò ní í yá a fún ẹnikẹ́ni láti fi so iná ìnáwó, ìbáà jẹ́ ìgbéyàwó ọmọ ààrẹ ẹgbẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé òfin yìí pọ̀ jù fún ohun tí a óò gùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gungi, ó sì ń dé orí rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni yíyẹ àkàbà wò gbà wá nígbà tí mo ka aago sí i. Oṣù mẹ́ta ni ọwọ́ káfíńtà wa gbà.

Kí n tó gbé kálámù sílẹ̀, mo ní ìròyìn ayọ̀ kan tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ọwọ́ káfíńtà wa ti jinná, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì ti bí ọmọkùnrin làǹtìlanti. Ẹ óò rí ọjọ́ ìkómọ ní ojú ewé ìròyìn ìdílé. Ó ní kí n sọ fún yín pé ọwọ́ ọ̀tún náà ni òun yóò fi gbé ọmọ fún àwọn àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá wọn yọ̀, kí a sì ti ibẹ̀ kọjá sí ìpàdé láti dìbò.

Ire ni o.